ẸYẸ, EJÒ ÀTI EWÉ LÁRA AṢỌ
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará ìjọ ní Igbódìgò, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Kì í ṣe àṣà wa láti dìde níwájú ìjọ kí a sì máa sọ̀rọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ kan ni ó fa ọ̀rọ̀ òní. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá àgbàlagbà kan, tí a kì yóò dárúkọ rẹ̀, ró àdìrẹ kan lọ sí ìsìn ní ìlú mìíràn. Ìyá tí ó bí i ni ó ni aṣọ náà. Ó rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ó ti Ìbàdàn kó ẹrù wá sí Òkìtìpupa, nígbà tí ìyá wa yìí ṣì wà ní ọmọdé. Bí ìsìn ti parí, ẹnìkan nínú àwọn aṣáájú ibẹ̀ pè é sí ẹ̀yìn, ó sì ń fi ìka tọ́ ara aṣọ náà pé: ejò nìyí, àkeekèé nìyí, ẹyẹ àjẹ́ sì nìyí. Ó ní kí ó lọ sun ún kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìyá náà kò sun ún. Ó ká a, ó fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì tọ̀ wá wá pé, “Ẹ̀yin tísà, ṣé òtítọ́ ni pé ohun búburú ni ìyá mi fi ń bò mí nígbà òtútù?”

Ìbéèrè náà kì í ṣe èyí tí a lè fi ẹ̀rín dá lóhùn. A ní kí ó fún wa ní àyè kí a ro ó, kí a sì wádìí. Ohun tí a rí nínú ìwádìí wa ni a mú wá síwájú yín.

Àdìrẹ ni aṣọ tí a dì, tí a sì rẹ sínú aró. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó pẹ́ jù ni àdìrẹ oníko, tí a fi ìko so ní kókó kókó kí aró má baà dé abẹ́ ìdì. Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò kọ́ yín ní ohun tí ìko í ṣe, níwọ̀n bí igi ògùrọ̀ ti kún àbàtà yín. Ṣùgbọ́n aṣọ ìyá wa kì í ṣe oníko. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, èyí tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí aṣọ funfun tí ó jọ̀lọ̀ láti Manchester ti pọ̀ ní ọjà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ṣe pàtàkì: iṣẹ́ yìí kò ti ìgbà ìwáṣẹ̀ wá. Ilé ìjọsìn ti wà ní Abẹ́òkúta ju àádọ́ta ọdún lọ, mọ́sáláásì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí obìnrin kan tó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ ya ẹyẹ sára aṣọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Obìnrin náà yóò se ẹ̀kọ láfún, yóò fi alọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, yóò sì sẹ́ ẹ títí kókó yóò fi tán nínú rẹ̀. Yóò tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, yóò ká a sí ojú ìlà kí ìlà náà lè fi ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan yóò wà hàn án. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ìyẹ́ adìẹ, yóò tì í bọ inú ẹ̀kọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán láti inú ọkàn rẹ̀ wá: kò sí ìwé tí ó ń wò, kò sì sí ohun tí ó fi ń pa á rẹ́ bí ọwọ́ bá ṣì. Apá kan aṣọ nìkan ni ó ń yà sí. Nígbà tí ẹ̀kọ bá gbẹ, aṣọ yóò lọ sọ́dọ̀ aláró, ẹni tí ó ti gún ewé ẹ̀lú, tí ó ti sín omi eérú, tí ó sì ti fi ọjọ́ púpọ̀ tọ́jú ìkòkò rẹ̀. Bí wọ́n bá fa aṣọ náà jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i ni yóò máa di aró lójú ẹni tí ń wò ó. Wọn a tún rì í, wọn a tún sá a, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ti fẹ́. Nígbẹ̀yìn ni wọn yóò họ ẹ̀kọ kúrò, gbogbo ibi tí ìyẹ́ adìẹ ti fi ọwọ́ kàn yóò sì hàn ní funfun tàbí ní aró fẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, ohun tí obìnrin náà yà ni ohun tí aró kò rí mú.

Àwọn àwòrán náà ńkọ́? Àwọn kan ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìbàdàndùn ni ó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó lára, gbọ̀ngàn tí a ṣí ní 1929. Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè, àwọn aláàdìrẹ gbé àwòrán ọba àti ayaba sára aṣọ, wọ́n sì pè é ní Ọlọ́ba. Èyí tí ìyá wa ni ń jẹ́ Olókun. A pín in sí àpótí àpótí. Nínú wọn ni ẹyẹ, ẹja, ejò, àkeekèé, ọ̀pọ̀lọ́, ìràwọ̀ àti oríṣiríṣi ewé wà. Ohun tí ó yí obìnrin Yorùbá ká ní àgbàlá, ní oko àti ní etí odò ni ó yà. Bí ẹnìkan bá sọ pé àkeekèé ara aṣọ jẹ́ àmì ibi, a ó bi í léèrè bóyá ewé gbágùdá tí ó wà nínú àpótí kejì náà jẹ́ àmì ibi.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní ilé fún ìgbà díẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá lọ sí òkèèrè a máa rí ilé rẹ̀ dáadáa nígbà tí ó bá padà. Ní ilẹ̀ Jàpáánì, ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn, àwọn aláró wà tí iṣẹ́ wọn jọ ti àwọn ìyá wa lọ́nà ìyanu, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan kò kọ́ ìṣe náà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ tiwọn. Wọn a dà á sínú àpò ìwé líle tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde sára aṣọ bí wọ́n ti ń ya àwòrán. Tsutsugaki ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni wọn a rì í sínú aró tí a fi ewé ṣe, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Nígbà tí ọmọbìnrin bá ń lọ sí ilé ọkọ ní abúlé wọn láyé àtijọ́, irú aṣọ báyìí ni àwọn òbí rẹ̀ fi ń di ẹrù fún un, tí wọ́n sì fi ń bo ibùsùn. Kí ni wọ́n ń yà sí i? Ẹyẹ kan tí ó ga lẹ́sẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí wọ́n ní ó ń gbé ẹgbẹ̀rún ọdún. Àti ìjàpá, tí wọ́n ní ó ń gbé ẹgbàárùn-ún. Ẹni tí ó bá ya ẹyẹ àti ìjàpá sí aṣọ ìyàwó ti súre fún un pé kí ó pẹ́ láyé. Ìjàpá tiwa, ọ̀gbẹ́ni inú àlọ́, tí kò sí ìwà àrékérekè tí kò hù, kò ní lè gbàgbọ́ pé irú ọlá bẹ́ẹ̀ kan ìdílé rẹ̀ níbì kankan.

Àwọn ayàwòrán wọn tí ń lo ìwé àti tàdáwà tún lọ jìnnà ju èyí lọ. Igi mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ràn láti yà papọ̀. Ọ̀kan ni igi páìnì, tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ nígbà òtútù. Èkejì ni ọparun: òjò dídì a gorí rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣẹ́, bí òjò náà bá yọ́, ó tún nàró. Ẹ̀kẹta ni igi eléso kan tí ń yọ òdòdó nígbà tí ilẹ̀ ṣì funfun fún òtútù, kí igi mìíràn tó jí. Láti ilẹ̀ Ṣáínà ni èrò náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Ẹni tí ìpọ́njú bá dé bá, tí ọ̀rẹ́ sì fi ìwé tí a ya ọparun sí ránṣẹ́ sí i, kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àrokò mọ ohun tí a ń wí.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ohun kan náà tí wọ́n fi ń yàwòrán, tí a fi irun ẹran ṣe ẹnu rẹ̀, ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Nínú ìkọ̀wé wọn, tí àwọn náà gbà láti Ṣáínà, àmì tí ń jẹ́ igi jọ igi tí ó ní ẹ̀ka àti gbòǹgbò. Bí a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó di igi púpọ̀. Bí a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di igbó. Nítorí èyí, kò sí odi gíga láàrin akọ̀wé àti ayàwòrán ní ọ̀dọ̀ wọn. Sesshū, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà tí a bí ní 1420 tí ó sì kú ní 1506, ya ìwé gígùn kan ní 1486, tí ó ju mítà 15 lọ. Àkókò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọdún ni ó wà nínú rẹ̀, láti ìrúwé títí dé òtútù, òkè àti omi ń tẹ̀lé ara wọn. Ní ibi tí kùrukùru bá wà, kò ya ohunkóhun. Ó fi ìwé sílẹ̀ ní funfun. Ohun tí obìnrin Abẹ́òkúta ń fi ẹ̀kọ ṣe ni ó fi àìyà ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Hokusai, ẹni tí ó ya ìgbì òkun ńlá kan ní nǹkan bí 1831, tí a gbẹ́ sára pákó kí a lè tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà púpọ̀. Àwọn apẹja tẹ orí ba nínú ọkọ̀ wọn lábẹ́ ìgbì náà, òkè Fuji sì dúró ní ọ̀nà jíjìn, ó kéré. Aró tí ó lò nínú rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, gẹ́gẹ́ bí aṣọ funfun tiwa ti wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnìkan kò sì sọ nítorí èyí pé àwòrán náà kì í ṣe ti Jàpáánì.

A padà sílé wàyí. Àwọn baba wa náà fi ẹ̀dá sọ̀rọ̀, wọn kò sì fi mọ sórí aṣọ. Ẹ wo adé ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọba wa: ẹyẹ wà lórí rẹ̀, nígbà mìíràn tí ó tó mẹ́rìndínlógún. Àwọn kan ní ọ̀kín ni, ọba àwọn ẹyẹ, lórí ọba àwọn ènìyàn. Àwọn mìíràn ní agbára àwọn ìyá ni ẹyẹ náà dúró fún, láti rán ọba létí pé kò lè jọba láìsí àwọn obìnrin. Àlàyé méjèèjì wà lẹ́nu àwọn àgbà, a kò sì rí ìdí tí ọ̀kan yóò fi lé èkejì jáde. Ewé akòko tí a fi lé orí ìjòyè tuntun ńkọ́? Ewé lásán ni títí di ìgbà tí a bá fi lé e lórí.

Ẹja pàápàá ní ipò tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní Ìkálẹ̀ ń tọ́ka sí Ìbíní gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn baba wọn ti wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Lára àwọn iṣẹ́ idẹ Ìbíní ni a ti rí ọba tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì di ẹja, àmọ̀tẹ́kùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ọ̀nì. Ẹja inú ẹrọ̀fọ̀ ni ẹja náà, èyí tí ó lè wà ní omi tí ó sì lè wà lórí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wo ọba, pé ó ní ìpín ní ayé, ó sì ní ìpín ní ibi tí ojú kò rí. Ẹ̀yin apẹja odò Olúwa, tí ẹ ti fi ọwọ́ kan ọ̀jíjí rí tí apá yín sì kú, ẹ lè fi ara yín sọ ìdí tí wọn kò fi fojú tín-ín-rín ẹja. Ní February 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó iṣẹ́ wọ̀nyí lọ nínú ààfin Ìbíní. Ní December 2022 ni ìjọba Jámánì dá ogún padà nínú èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́. Ẹni tí ó ní kí ìyá wa sun aṣọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ láìní ìdí kankan. Olókun jẹ́ orúkọ ẹni tí àwọn baba wa bọ gẹ́gẹ́ bí olúwa òkun, ní Ìbíní àti ní gbogbo etí omi. Àwọn kan sì ń bọ ọ́ títí di òní. Ejò kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ lọ́dọ̀ àwọn tí ń bọ Òṣùmàrè. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin a máa kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní àwòrán, ìjọsìn sì ni iṣẹ́ náà fún wọn, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ohun tí ó kan ẹ̀sìn rárá nínú àwòrán àwọn baba wa ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí a kò gbà ni pé àmì kan kò lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ, níbikíbi tí ó bá wà àti lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá lò ó.

Ìwé Mímọ́ tí a ń kà kò gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Ejò ni ó tan Éfà jẹ; ejò idẹ ni Mósè gbé sórí òpó ní aginjù kí àwọn tí a bù jẹ lè yè; Olúwa wa sì ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ ejò. Kìnnìún ni èṣù tí ń bú ramúramù nínú ìwé Pétérù, kìnnìún náà sì ni orúkọ ẹni tí ó ṣẹ́gun nínú ìwé Ìfihàn. Bí ẹ bá ka ìwé Àwọn Ọba Kìíní, ẹ ó rí i pé nígbà tí Sólómónì kọ́ tẹ́ḿpìlì, ó gbẹ́ igi ọ̀pẹ àti òdòdó sára ògiri àti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó sì fi màlúù idẹ méjìlá gbé agbada omi ńlá, bẹ́ẹ̀ ni màlúù ni àwọn Ísírẹ́lì ti yá ní ère rí. Nípa ti orúkọ, ọlọ́run àwọn ará Róòmù ni oṣù January ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ a kì í fò ó nínú kàlẹ́ńdà ìjọ.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹ ti rí màrìwò ní ẹnu ọ̀nà igbó Ògún, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá rí i yóò yà kúrò lọ́nà. Láti orí igi kan náà ni a ti ń gé imọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń jù sókè ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, tí wọ́n sì fi ń ṣe àgbélébùú kéékèèké sí àyà. Kò tíì sí aṣáájú ìjọ kan tí a gbọ́ pé ó fi òfin de igi ọ̀pẹ ní agbègbè Òkìtìpupa. Ebi ìbá pa òun náà.

Irú àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1947 títí di 1954, Fáda Kevin Carroll ti ìjọ Kátólíìkì kó àwọn agbẹ́gilére jọ sí Oyè-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Aréògún ti Ọ̀sì, wà níbẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, títí ó fi di ọ̀gá tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun kí ó tó kú ní 2009. Fáda náà kò kọ́ wọn ní ìṣe àwọn òyìnbó. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ìtàn Bíbélì bí àwọn baba wọn ti ń gbẹ́ igi. Nítorí náà ni àwọn amòye láti ìlà oòrùn fi wọ aṣọ Yorùbá nínú iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i nígbà náà. Àwọn kan bẹ̀rù pé òrìṣà ni yóò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Ó ku ìkìlọ̀ kan sí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé láàrin yín. Àwọn kan wà nísinsìnyí tí wọn yóò mú àdìrẹ lọ́wọ́ tí wọn yóò sì máa ka ìtumọ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ABD: èyí jẹ́ ọgbọ́n, èyí jẹ́ ọrọ̀, èyí jẹ́ ọmọ. A ṣọ́ra fún irú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ya aṣọ náà, bí a bá bi wọ́n, orúkọ àwòrán ni wọn yóò sọ, pé ẹyẹ ni, pé ẹja ni, pé báyìí ni ìyá mi ti ń yà á. Ọwọ́ mọ ohun tí ẹnu kò mọ̀. Bí ìtumọ̀ bá sì ti wà nígbà kan tí ó ti sọnù, kò yẹ kí a fi tiwa rọ́pò rẹ̀ kí a sì sọ pé ti àwọn àgbà ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ sí i, ẹ lọ bi àwọn tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ náà ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo, níbi tí Nike Davies-Okundaye ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ọ̀fẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni a lọ sí ilé ìyá wa láti sọ ohun tí a rí fún un. A sọ fún un pé a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú pé ìyá rẹ̀ ra aṣọ rere kí ó sì fi bo ọmọ rẹ̀, àti pé bí ọkàn òun fúnra rẹ̀ bá mọ́, kí ó máa ró o. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó fà á jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, a sì jọ tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ó ti ṣá ní ibi tí orúnkún máa ń wà, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣì hàn. A kà wọ́n pa pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹyẹ, ẹja, ìràwọ̀, ewé gbágùdá, ọ̀pọ̀lọ́, ejò, àkeekèé. Nígbà tí a dé àpótí kan ní igun, a rí ohun kan tí kò jọ ewé, tí kò sì jọ ẹranko. A bi í pé kí ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà bi ìyá òun léèrè nígbà tí òun wà ní ọmọdé, ìyá òun sì ní bí òun bá dàgbà òun yóò mọ̀ ọ́n.